Láti Inú Ewé Dé Inú Ọ̀rá: Ìtàn Orúkọ tí a Ń Kọ Sára Oúnjẹ Wa

Nínú ìwé ọdọọdún bí irú èyí, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń retí ni ìtàn ọba, ìtàn ogun, ìtàn ilẹ̀ àti ti ẹjọ́ ilẹ̀. Àwọn ìtàn bẹ́ẹ̀ dára, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí ó ń gba iwájú ilé wa kọjá lójoojúmọ́, tí a kì í sì í kọ sílẹ̀. Èyí ni ìtàn ohun tí a fi ń di oúnjẹ, àti ti lẹ́tà, àwòrán àti àwọ̀ tí a ń tẹ̀ sí i lára. Àwa tí a ń gbé ní ìtòsí ọjà Mile 12 àti ọjà èso Ketu kò lè sọ pé ọ̀ràn oúnjẹ dídì kò kàn wá. Ọkọ̀ tí ó ń kó iṣu, tòmátò, àlùbọ́sà àti ata bọ̀ láti Òkè Ọya ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lóru àti lọ́sàn-án. Láti àdúgbò wa ni oúnjẹ ti ń tàn káàkiri Èkó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa wò ni pé, ta ni ó ń kọ orúkọ sára oúnjẹ wa, irú lẹ́tà wo ni ó sì fi ń kọ ọ́?

Kí àwọn òyìnbó tó gbé agolo dé, ewé ni àpò wa, ewé ni páálí wa, ewé náà sì ni ìwé tí ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ẹrù. Ewé eéran ni àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ewé gbòdògì náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbi tí ó bá pọ̀ sí. Ewé ni a fi ń di irú, orí àti àádùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àìní ni. Ewé eéran a máa gba ooru iná láìfàya, kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè gbẹ, a sì máa fi òórùn dídùn tirẹ̀ sí i lára. Àwọn àgbà sọ pé ewé tí ó bá pẹ́ lára ọṣẹ yóò di ọṣẹ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà mọ̀ dájú pé ohun tí a fi di nǹkan kì í wà lára nǹkan náà lásán.

Èyí tí ó jọ wá lójú jù ni pé ewé náà ṣe é kà. Ẹ̀kọ ní bí a ti ń ká tirẹ̀, irú ní tirẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọ kékeré tí a rán lọ sí ọjà kò nílò kí ó tú ewé kí ó tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́kọ méjì bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, oníbàárà wọn mọ ọwọ́ ti ìkíní yàtọ̀ sí ọwọ́ ti ìkejì nípa bí wọ́n ti ṣẹ́ ewé náà. Àmì òwò ni èyí, bí a kò tilẹ̀ tẹ lẹ́tà kankan sí i. Ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe ewé eéran ní Thaumatococcus daniellii, láti inú èso rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tí ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po púpọ̀, tí wọ́n ń fi sínú ṣingọ́ọ̀mù àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Àwa ń kọ ewé náà sílẹ̀ nítorí ọ̀rá, èso rẹ̀ sì ti wọ inú ọ̀rá lọ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ohun kejì tí ó dúró fún lẹ́tà láyé ijọ́un ni ohùn. Ẹni tí ó ń kiri ọjà kì í kọ orúkọ sí ara igbá; ẹnu ni ó fi ń pè é. Ìpolówó kì í ṣini lọ́nà, nítorí pé ohùn rẹ̀ pé. Ẹni tí ó ń polówó ẹ̀wà kò lè pè é kí a rò pé ẹwà ni ó ń tà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà bọ̀ sórí rẹ̀. Bákan náà ni àrokò rí. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó gbà á, nítorí ẹẹ́fà àti fífà. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí a dì lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde.

Nígbà tí òwò òkèèrè gbilẹ̀ ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìgò wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ kó lẹ́tà òyìnbó wọ inú ọjà. Ọtí sináàpù ti ilẹ̀ Họ́láàndì ń bọ̀ nínú ìgò onígun mẹ́rin tí wọ́n tò sínú àpótí pákó, orúkọ ẹni tí ó pọn ọ́n sì máa ń wà lára ìgò tàbí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ Henkes fi ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ṣe àmì tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ẹyẹ náà. Nígbà tí ọtí bá tán, ìgò kì í tán: a rọ epo sí i, a rọ oyin sí i, a kó ẹ̀pà yíyan sí i. Títí di òní olónìí, ẹ lè ra oyin lẹ́bàá ọ̀nà kí orúkọ ọtí òkèèrè ṣì hàn gbangba lára ìgò rẹ̀. Oyin tiwa, orúkọ tiwọn: ẹ jẹ́ kí a má ṣe gbàgbé àwòrán yìí.

Lẹ́yìn ìgò ni agolo dé, agolo sì ni ó kọ́ wa láti máa ka àwọ̀. Ní 1928 ni West African Publicity, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí ó ṣáájú gbogbo irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Òun ni ó wá di Lintas. Ní 1954 ni mílíìkì Peak wọ Nàìjíríà. Ní 1973 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ WAMCO sílẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mílíìkì náà ní Ìkẹjà ní 1975. Ní 1961 ni Nestlé bẹ̀rẹ̀ òwò níhìn-ín. Ní 1965 ni a fi orúkọ Cadbury Nigeria sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ìlú Bournville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ Bournvita sì ti wá. Milo ní tirẹ̀, Thomas Mayne ni ó ṣe é ní Australia ní 1934. Orúkọ abẹ̀jàkadì kan ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, Milo ará Croton, ni wọ́n fún un, ìdí nìyí tí àwòrán àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá fi ń wà lára agolo rẹ̀. Mélòó nínú wa tí a fi Milo tọ́ dàgbà ni ó mọ̀ pé orúkọ abẹ̀jàkadì ni a ń mu?

Kì í ṣe lẹ́tà ni àwọn ìyá wa fi mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Milo jẹ́ aláwọ̀ ewé, páálí Lipton jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, Maggi jẹ́ pupa pẹ̀lú ìyeyè, Tom Tom ní ìlà dúdú àti funfun. Ìyá tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí a máa tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́ láti òkèèrè láìṣì í mú. Ẹ má ṣe pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀wé pátápátá. Ìwé tí àwọn ayàwòrán Ìlú Ọba àti ti Switzerland kọ fún un ni ó ń kà, ó sì mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Orúkọ àwọn ọjà náà sì wọ inú èdè wa bí ẹni tí ó wọ ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo wóró amọ́bẹ̀dùn di Mágì, ẹni yòówù tí ó ṣe é. Láti ìgbà tí Indomie ti wọlé ní 1988, gbogbo irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ di Indomie. Titus tí ó jẹ́ orúkọ sàdíìnì inú agolo di orúkọ odidi ẹja kan lórí igbá ẹlẹ́ja. Agolo tòmátò De Rica, tí ó ti Ítálì wá, di òṣùwọ̀n: títí di òní, obìnrin tí kò rí agolo náà rí láyé rẹ̀ ń ra ìrẹsì ní dẹ́ríkà kan, dẹ́ríkà méjì. Òṣùwọ̀n kóńgò wà, ti agolo mílíìkì náà wà. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ wá lóminú. Àwọn ohun tí wọ́n kọ orúkọ sí lára dáadáa ni orúkọ wọn borí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi orúkọ Nestlé, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wa wà. Henri Nestlé jẹ́ ọmọ Jámánì, ìlú Frankfurt ni wọ́n ti bí i, ó sì lọ tẹ̀dó sí Vevey ní Switzerland. Orúkọ ìdílé rẹ̀ túmọ̀ sí ìtẹ́ kékeré ní èdè àdúgbò wọn, nítorí náà ni ó ṣe fi ìtẹ́ ẹyẹ ṣe àmì òwò rẹ̀. Nígbà tí ó dé àárín àwọn tí ń sọ Faransé, wọ́n fi àmì kan sí orí lẹ́tà tí ó kẹ́yìn orúkọ náà, kí àwọn ènìyàn lè pè é bí ó ti yẹ. Àmì kékeré yẹn rin ìrìn àjò láti Vevey dé Èkó. Àwa kò tíì rí agolo Milo kan, a kò tíì rí wóró Maggi kan ní ọjà Ketu tí wọ́n tẹ orúkọ Nestlé sí tí wọ́n sì yọ àmì náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń tẹ̀ ẹ́ kò ṣàárẹ̀, ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀ kò sì sọ pé kò sí ẹni tí yóò wò ó. Ẹ bu ojú wo àpò gàrí tàbí ti èlùbọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ kan náà, kí ẹ sì wo bí a ti kọ orúkọ tiwa.

Kì í kúkú ṣe pé èdè wa kò ní lẹ́tà nígbà tí agolo dé. Ní 1854 ni Henry Townsend ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kejìlá 1859 ni Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ní oṣù Kínní 1875 ni ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí a máa kọ Yorùbá, wọ́n sì fọwọ́ sí àmì tí ó ń wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ní 1965 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé àkọtọ́ yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó kọ. Ní 1974 ni a fọwọ́ sí ìlànà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ lé. Nígbà tí gbogbo agolo tí a kà sókè yìí fi dé, a ti ń tẹ Bíbélì, ìwé orin àti ìwé kíkà ọmọdé pẹ̀lú àmì wọn ní pípé. Inú ìwé ni wọ́n wà. Ara oúnjẹ ni wọn kò dé.

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ẹ wo orúkọ ìlú wa. Lára pátákó ojú ọ̀nà, "Shangisha" ni. Nínú àwọn ìwé mìíràn, "Sangisa" ni. A kò fẹ́ fi àmì sí abẹ́ S, ni a bá yá H lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà méje di mẹ́sàn-án. Tàbí kí a jù ú sílẹ̀ pátápátá, kí orúkọ di ti ìlú mìíràn. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Muṣin di Mushin, Òṣòdì di Oshodi, Ṣómólú di Shomolu. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi mọ́ ọn, ọmọ tí a bá sì kọ orúkọ ìlú rẹ̀ dáadáa fún lónìí yóò rò pé a ṣì í kọ ni.

Ní ti oúnjẹ, àṣìkọ náà burú ju ti ìlú lọ, nítorí pé ó ń yí ìtumọ̀ padà. A ti rí i kọ sára ọ̀rá pé IYAN. Ẹni tí ó mọ̀ yóò kà á sí iyán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò kà á sí ìyàn, èyí tí í ṣe ọdá oúnjẹ, ó sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ìyàn sára oúnjẹ tí ó ń tà. A kọ IRU, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún ọmọ tí a bí sí ìlú London bóyá irú ni tàbí ìrù ẹran. A kọ OGEDE sára ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì di ògèdè, ọfọ̀ àwọn àgbà, a kò sì mọ iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀n rẹ̀. A kọ APON: àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀ ni, àbí àpọ́n tí ń wá aya? EWA lè jẹ́ ẹ̀wà, ó lè jẹ́ ẹwà, ó lè jẹ́ ẹ̀wá. OBE lè jẹ́ ọbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tí ó gbọ́ èdè láti ilé yóò fi òye gbé e. Àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tí ó ti mọ̀ ni a ṣe ń kọ orúkọ sára ẹrù. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ni a ń kọ ọ́ fún.

Àwọn oníṣòwò ní àwíjàre wọn, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní lẹ́tà ńlá ni ó ń tètè hàn lórí pẹpẹ, òótọ́ sì ni. Bí a bá fi àmì ohùn sí orí lẹ́tà ńlá, yóò fẹ́ kan ìlà tí ó wà lókè. Bí a bá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, yóò fẹ́ kan ìlà ìsàlẹ̀. Atẹ̀wé tí kò ní sùúrù yóò gé méjèèjì kúrò kí ààyè lè gbà á. Wọ́n tún ní owó ìtẹ̀wé wọ́n. Èyí náà jóòótọ́. Lórí ọ̀rá, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní rọ́là tàbí àwo ìtẹ̀wé tirẹ̀, owó sì ni olúkúlùkù wọn. Nítorí náà ni ẹ fi ń rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rá omi tí a ń mu kò ju àwọ̀ kan tàbí méjì lọ. Ẹni tí ó bá ní kí a fi àwòrán ìyá arẹwà aláwọ̀ mẹ́rin sára àpò gàrí òun gbọ́dọ̀ múra láti sanwó. Ṣùgbọ́n níbí ni àwíjàre náà ti já. Àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe àwọ̀ mìíràn. Inú àwọ̀ kan náà pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ ni ó wà, rọ́là kan náà ni ó ń tẹ̀ ẹ́, kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó náà. Bí ààyè kò bá gbà á, kí a dín lẹ́tà náà kù ní ìwọ̀n bínńtín, tàbí kí a lo lẹ́tà kékeré lẹ́yìn èyí tí ó ṣáájú. Àwọn oníṣẹ́ Ṣómólú tí ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí wa mọ̀ bí a ti ń ṣe é. Ohun tí wọn kò ní ni oníbàárà tí yóò sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Àwíjàre mìíràn ni ti kọ̀ǹpútà, pé kò ní lẹ́tà wa. Àkókò kan wà tí èyí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọjá. Àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ gan-an bí tiwa, wọ́n sì ń tẹ̀ wọ́n sára àpò ìrẹsì àti oúnjẹ ọlọ́bẹ̀ wọn tí wọ́n ń kó lọ sí gbogbo ayé. Lẹ́tà tí a bá ṣe fún wọn ti ṣiṣẹ́ ìdajì tiwa. Ibi tí ó ṣì ń fún wa ní wàhálà ni kí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pé sára lẹ́tà kan ṣoṣo, bí ẹ́ tàbí ọ̀, nítorí pé nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, a ní láti kó àwọn méjèèjì jọ fúnra wa, irú lẹ́tà mìíràn a sì máa gbé àmì òkè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí a yan irú lẹ́tà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì wò ó dáadáa kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀nà rárá, kí àmì ìsàlẹ̀ wà, nítorí pé òun ni ó jẹ́ ara lẹ́tà gan-an.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ìjọba, nítorí lẹ́yìn 1993 tí òfin dá àjọ NAFDAC sílẹ̀, ara oúnjẹ dídì kò jẹ́ ti oníṣòwò nìkan mọ́. Orúkọ oúnjẹ, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà àjọ náà, gbogbo rẹ̀ ni ó ní láti hàn. Ní àkókò Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, láti 2001 títí di 2008, ni àwọn ìyá ọlọ́jà pàápàá ti kọ́ láti máa wá nọ́ńbà náà kí wọ́n tó ra nǹkan. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì ní dákẹ́ ìyìn rẹ̀. Òfin ní kí àkọlé wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; kò ní kí a má fi èdè mìíràn kún un. Kò sí ẹni tí ó de oníṣòwò lọ́wọ́ láti kọ èlùbọ́ ní pípé sókè, kí ó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀. Ohun kan ni a kò yìn: bí ọ̀rá ti ń kéré sí i láti ọdún dé ọdún, tí mílíìkì àti Milo fi di ohun tí a ń rà ní ìwọ̀n ife kan, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ọjọ́ ìbàjẹ́ ń kéré sí i, tí àgbàlagbà kò fi lè kà á bí kò bá gbé e sún mọ́ iná. Àwọ̀ tí ìyá wa mọ̀ ọ́n kà kò lè sọ fún un pé mílíìkì ti bàjẹ́.

Ní Mile 12 gan-an, ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni kò ní orúkọ kankan. Tòmátò ń bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ tí a hun, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ sì ti ń fọ́ kí wọ́n tó dé, nítorí ìwọ̀n àwọn tí ó wà lókè. Nítorí èyí ni a ti ń gba àwọn oníṣòwò níyànjú láti lo àpótí oníke. Àlùbọ́sà wà nínú àpò tí ó ní ihò bí àwọ̀n. Iṣu kò wọ nǹkan kan. Gàrí àti ẹ̀wà ń bọ̀ nínú àpò tí ó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, tí orúkọ ìyẹ̀fun, ṣúgà tàbí ìrẹsì àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣì wà lára rẹ̀. Ìyá kan láti abúlé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin pákí, ó bó o, ó rìn ín, ó fún un, ó yan án. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dé ọjà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni a kà lára rẹ̀. Oyin inú ìgò ọtí nìyí lẹ́ẹ̀kejì. Búrẹ́dì Agége nìkan ni ó yọ nínú èyí ní ọ̀nà tirẹ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ni ó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó láti 1921, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni ti Agége gba òkìkí. Inú ọ̀rá funfun lásán tí kò ní lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, síbẹ̀ gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ohùn ẹni tí ó ń kiri ni ó gbé e.

Ṣùgbọ́n ohùn kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Peckham, ní Houston àti ní àwọn ibòmíràn ni ẹ lè jẹ́rìí sí èyí jù wá lọ. Nígbà tí gàrí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ìpolówó kò tẹ̀ lé e. Ohun tí a tẹ̀ sára ọ̀rá nìkan ni ẹnu tí ó ní. Bí kò bá sọ ibi tí ó ti wá, ẹlòmíràn yóò bá a sọ. Ní Kamẹrúùnù, àwọn àgbẹ̀ Penja gba ìwé àṣẹ ní 2013 pé ata ilẹ̀ wọn nìkan ni ó lè máa jẹ́ orúkọ Penja, wọ́n sì ń kọ orúkọ ìlú wọn sára ẹrù náà pẹ̀lú ìgboyà. Àwa ní gàrí Ìjẹ̀bú, a ní ìrẹsì Ọ̀fàdà, orúkọ ìlú ni méjèèjì ń jẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè kọ wọ́n sára ohunkóhun tí ó bá fẹ́. Òfin àmì òwò ti 1965 wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo orúkọ tirẹ̀ àti àwòrán tirẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tí ń di oúnjẹ tà láàrín wa lò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ní orúkọ tí ó tọ́ láti dáàbò bò.

Nítorí náà, a ń rọ ẹnikẹ́ni nínú ọmọ ìlú wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ó bá ń di oúnjẹ tà, bí ó ti wù kí ọjà rẹ̀ kéré tó, pé nígbà tí ó bá ń lọ sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kí ó mú ojú ìwé yìí lọ́wọ́. Kí ó má ṣe pe orúkọ náà fún un lẹ́nu nìkan. Kí ó fi hàn án. Kí ó sì béèrè fún ẹyọ kan láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù, nítorí lẹ́yìn tí a bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan, àtúnṣe di gbèsè. Bí a ti ń kọ àwọn tí a ń tà jù nìyí: gàrí, èlùbọ́, iyán, ògì, ẹ̀wà, irú, ẹ̀gúsí, àpọ̀n, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àádùn, kókóró, epo pupa, ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí òfin ní kí àdírẹ́sì wà, kí ó kọ orúkọ ìlú wa: Ṣangiṣa, lẹ́tà méje, pẹ̀lú àmì lábẹ́ ṣ méjèèjì.